Àpótí Ẹja Tí Kò-jò Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Lẹ̀

Kò-jò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í ṣe pé òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe. Fèrèsé tó bá ti fọwọ́ kàn, òjò ìbáà fi odidi ọ̀sẹ̀ na ilé náà, ẹ̀kán omi kan kò ní gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Kò-jò, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà láti pè é bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ní fèrèsé yàrá tí àwọn ń sùn ti ń jò láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, pé ọjọ́ tí ọkọ òun bá tún un ṣe lòun náà yóò pè é ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀rẹ́ ló ń pè é. Òun náà ń pe obìnrin náà ní Ọ̀rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ̀rín wọn a sì máa dé ojú pópó.

Àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé, Ìyàwó ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n pe ìyàwó ní ìyàwó, àbí? Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé wọ ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Lágbájá, wọ́n ti di Ìyá Tàmẹ̀dò, irun tirẹ̀ sì ti ń funfun, òun ṣì ń jẹ́ Ìyàwó. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ kò dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó. Èkejì ti ń fi ògiri rìn kí ibà tó mú un lọ. Kò-jò ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé pósí méjèèjì, nítorí wọn kò tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá wọn mọ́. Obìnrin náà ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tó ti ń lọ aṣọ ibùsùn, ọkọ rẹ̀ ń gé gíláàsì, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́.

Ìgbà tó yá ni àbúrò obìnrin náà kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tí kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Awakọ̀ tírélà ni bàbá ọmọ náà, ojú ọ̀nà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbé, kò sì sí bó ṣe lè máa gbé ọmọ kiri nínú ọkọ̀. Ẹbí wá ní kí ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyàwó Kò-jò títí àwọn àgbà yóò fi jókòó pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ dàgbà. Ẹni méjì péré ni wọ́n rí: ìyàwó Kò-jò tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ìlú tó jìn. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti ránṣẹ́ pé òun yóò mú ọmọ náà tí kò bá sẹ́lòmíì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀.

Ọmọ náà kì í sunkún púpọ̀. Ìbéèrè ni tirẹ̀. Bó bá rí ayọ́ọ̀nù, á ní kí nìyẹn. Bó bá rí ọ̀bẹ gíláàsì, kí nìyẹn. Kò-jò sọ ọ́ ní Kí-nìyẹn, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń wẹ ọmọ náà, ó ń dirun fún un, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó sùn lórí itan òun. Bí ọmọ náà bá sùn lọ́sàn-án, obìnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé yóò gbà á, á ní òun ń rò ó. Kò-jò mọ̀ pé ó ń fẹ́ ọmọ náà. Ó ń fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ohun tó wá sí Kò-jò lọ́kàn ni pé kí òun fún un ní ohun abẹ̀mí kékeré kan tó lè máa tọ́jú, kó sì rí i fúnra rẹ̀ pé kò kú. Onílé wọn kò fẹ́ ajá, kò fẹ́ ológbò, yàrá náà kò sì gba adìyẹ. Ó wá ku ẹja. Ó ṣa àgékù gíláàsì jọ, èyí tó ṣẹ́ kù lára fèrèsé ilé-ìwé kan, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì tó fi kápẹ́ẹ̀tì bò kí wọ́n má baà họ. Ó ki ẹnu ọ̀bẹ bọ kẹrosíìnì, ó fa ìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó bá ń fa ìlà lẹ́ẹ̀mejì lórí gíláàsì kò tíì mọṣẹ́. Ó fi òkúta ra gbogbo etí rẹ̀ kó má baà gé ọmọ náà lọ́wọ́. Nígbà tó kan gọ́ọ̀mù tí yóò fi lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó wo orí pẹpẹ. Èyí tí kò wọ́n wà níbẹ̀, tó máa ń rùn bíi fínígà títí yóò fi gbẹ. Ààyò rẹ̀ náà wà níbẹ̀, funfun báláú, tí kò lóòórùn kankan, tó máa ń fi dí etí gíláàsì ilé ìwẹ̀ àwọn olówó. Ó ní òun ò lè fi ohun tó ń rùn ṣe nǹkan ọmọdé, ó bá mú ààyò rẹ̀.

Nígbà tí àpótí náà gbẹ, kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Orí tábìlì tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló sì gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹlẹ́ja, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì móoru, àpótí ẹja tò láti ilẹ̀ dé òkè àjà, iná kékeré wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá Ẹlẹ́ja kì í rọ oníbàárà. Bí ohun tóo fẹ́ rà kò bá yẹ ọ́, á ní kóo máa lọ.

Ó ní kí Kò-jò fọwọ́ wọn bí àpótí náà ṣe tóbi tó. Kò-jò wọ̀n ọ́n. Màmá Ẹlẹ́ja ní èyí kì í ṣe àpótí, abọ́ ni. Kí-nìyẹn na ìka sí ẹja kan tó ń dán bíi góòlù, màmá náà ní rárá, ìyẹn á tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìgbẹ́ ara rẹ̀ ni yóò sì pa á nínú omi tín-ń-tín bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà tún na ìka sí àwọn onílà kéékèèké. Màmá ní àwọn yẹn kì í dá rìn, ẹyọ kan á jayé ìbẹ̀rù títí tí yóò fi kú, ọ̀wọ́ wọn kò sì lè gba inú abọ́. Kò-jò wá béèrè èyí tó ń fẹnu lá gíláàsì. Ó ní gbogbo ayé ló ń béèrè ìyẹn, wọ́n rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni, á bá wọn fọ abọ́, wọn ò mọ̀ pé yóò gùn tó apá èèyàn. Nígbà tó ti lé gbogbo wọn tán, ó bu omi sínú ike kékeré, ó sì nà án sí ìyàwó Kò-jò. Ẹja búlúù kan ló wà nínú rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tó tú.

“Oníjà nìyí. Akọ ni,” ó ní. “Kì í fẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu gba atẹ́gùn lókè. Ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀ kẹ́ ẹ wá ẹnì kejì fún un, wọ́n á para wọn.”

Ó tún kọ́ obìnrin náà ní bí yóò ṣe pọn omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó lò ó, bí yóò ṣe máa bu díẹ̀ dànù tí yóò máa fi díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, pé oúnjẹ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀, pé kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì da nǹkan bo orí rẹ̀ torí pé ó ń fò. Ó ní ohun tó ń pa ẹja nínú omi kékeré kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú rí, omi lè mọ́ gaara kí májèlé kún inú rẹ̀. Obìnrin náà ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú dókítà.

Ká sọ tòótọ́, ilé wọn dùn láwọn ọjọ́ náà. Ìyàwó Kò-jò ń jí, kó tó bọ́jú, ó ti bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Kí-nìyẹn ń bi í ní orúkọ lẹ́bẹ́ ẹja, orúkọ ìrù, orúkọ èémí tó ń rú bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ẹja, àwọn obìnrin ilé sì gbà á lẹ́nu ọmọ. Bó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n á ní Ìyá Ẹja, ẹ káàárọ̀ o. Kò-jò rí i pé nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ìyàwó òun bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń kí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó jẹ́ kí ọmọ náà sùn lórí itan òun. Kò-jò kàn ń jẹun lọ, kó má baà fẹnu ba nǹkan jẹ́.

Ẹja náà ṣíwọ́ oúnjẹ. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó fara ti igun àpótí, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyàwó Kò-jò sáré lọ bá Màmá Ẹlẹ́ja, ìyẹn bi í léèrè gbogbo ohun tó ṣe, ó rò ó látòkè délẹ̀, kò sì sí ibi tó ti ṣì í ṣe. Màmá Ẹlẹ́ja ní nígbà mìíràn ẹja á kàn kú. Ó fún un ní òmíràn, pupa. Obìnrin náà lọ sílé, ó fi omi gbígbóná fọ àpótí náà tinú tòde kí àìsàn ti àkọ́kọ́ má baà ran èkejì. Ti pupa kò pẹ́ tó ti búlúù rárá. Màmá Ẹlẹ́ja wá ní bóyá àpótí náà kéré jù fún ẹja, kí wọ́n fi edé wẹ́wẹ́ gbìyànjú, àwọn tí wọn ò ju èékánná lọ, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí omi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí gbogbo wọn fi dà sílẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n funfun bíi pé wọ́n bọ̀ wọ́n.

Kí-nìyẹn dúró tì í, ó ń wò wọ́n. Kò béèrè ohun tí wọ́n jẹ́.

“Ìyá Ẹja,” ó ní, “ta ló kàn?”

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Kò-jò rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti já. Obìnrin náà gbé ọmọ jáde sọ́dọ̀ àwọn ará ilé, ó padà wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ọwọ́ mi ni, Ọ̀rẹ́. Ohun kékeré kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fi ọmọ àbúrò mi dán an wò.” Kò-jò ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ́ ṣe sí ohun tí obìnrin náà ti fojú rí?

Ó ku ọ̀la kí àwọn àgbà jókòó, Kò-jò nìkan gba ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹlẹ́ja lọ. Ìjà ló bá lọ. Ó ní ẹja aláìsàn ni màmá ń tà fún àwọn. Màmá Ẹlẹ́ja jẹ́ kó pariwo tó, ó wá bi í pé ta ló lẹ àpótí náà. Kò-jò ní òun ni. Gọ́ọ̀mù wo? Kò-jò ní èyí tó dára jù ní ọjà ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìwẹ̀.

“Ṣé ó ń rùn bíi fínígà nígbà tẹ́ ẹ ń lẹ̀ ẹ́?”

“Kò rùn rárá.”

Màmá Ẹlẹ́ja jókòó. Ó ní èyí tó ń rùn yẹn ni wọ́n fi ń lẹ ilé ẹja, torí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ti ilé ìwẹ̀ ní oògùn, kí dúdúdúdú tó máa ń hù sí kọ̀rọ̀ ògiri má baà rí ibi hù. Ó ń jò sínú omi díẹ̀díẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti da omi gbígbóná sí i, ẹ ti jí i nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ ìyẹn fún Kò-jò. Láti ìgbà tó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ló ti ń gbé gọ́ọ̀mù náà sókè níwájú oníbàárà, tó ń fi yangàn pé ohunkóhun kò lè wà láàyè lórí rẹ̀ títí ilé yóò fi wó. Ẹnu òun gan-an ló fi ń sọ ọ́.

“Ẹ lọ sọ fún ìyàwó yín o,” Màmá Ẹlẹ́ja ní. “Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ń bi mí bóyá ọwọ́ èèyàn lè máa pa ẹja.”

Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé. Yóò sọ pé Ọ̀rẹ́, èmi ni, kì í ṣe ìwọ. Gbólóhùn kúkúrú ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan lójúde pè é ní Kò-jò, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mà dáa o, òjò àná kò kan ilé òun. Àwọn ará ilé ń gbọ́. Kò-jò dúpẹ́, ó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ọmọ náà, ó ń ṣẹ́ ẹ wínníwínní bó ṣe ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń kó o sínú báàgì. Kò-jò la ẹnu, ó pa á dé. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò jáde, wọ́n á sì fi ṣẹ̀fẹ̀ ní gbogbo ojúlé: Kò-jò tó fi gọ́ọ̀mù pa ẹja. Ó ní òun á sọ ọ́ lálẹ́. Ó sùn lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa, kì í ṣe orúkọ nìkan. Ohun kan wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ tó ti ń yọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ọmọ náà bá lọ, ẹnikẹ́ni kò ní pe òun wá gbé pósí kékeré kẹta. Ẹ̀rù tó ń ba ìyàwó rẹ̀ ń bà á, àfi pé obìnrin náà láyà láti sọ tirẹ̀ síta. Ọkùnrin tí kò lè fojú ara rẹ̀ wo ara rẹ̀ ni Kò-jò jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà jókòó nílé Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó Kò-jò. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà obìnrin ti dé, ó di báàgì rẹ̀ mú sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ìyàwó Kò-jò dìde, ó ní òun ti rò ó, òun ò lágbára rẹ̀. Bàbá Àgbà yíjú sí Kò-jò.

“Ṣé ẹ̀yin náà ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Kì í ṣe ìwò lásán. Kò-jò mọ ìwò náà: ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohunkóhun, ohunkóhun tó lè dá a dúró.

“Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí, sà.”

Wọ́n gbé Kí-nìyẹn sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sunkún. Ó na ìka sí báàgì ara rẹ̀, ó béèrè ohun tó jẹ́, ìyá tuntun rẹ̀ sì ní kó jókòó dáadáa.

Ẹ̀rín kò dé ojú pópó mọ́. Ìyàwó Kò-jò da omi àpótí náà nù, ó ti í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn obìnrin ilé dẹ́kun àtimáa pè é ní Ìyá Ẹja, wọ́n ní kò yẹ, wọ́n sì padà sí Ìyàwó. Kò-jò kò lè fara dà á. Ó gé àpótí mìíràn tó tó ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù tó ń rùn lẹ̀ ẹ́, ó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù títí òórùn rẹ̀ fi tán pátápátá. Ó lọ ra oníjà búlúù mìíràn lọ́wọ́ Màmá Ẹlẹ́ja, ẹni tó tà á fún un láìwo ojú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó rò pé bí ẹja yìí bá yè, ọkàn ìyàwó òun yóò fúyẹ́. Kò rò ó kọjá ibẹ̀.

Obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kò lè máa wo ohun tí ebi ń pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ, ó ń pọn omi sílẹ̀, ó ń bu díẹ̀ dànù. Ẹja náà yè. Ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, ó ń kó ìfófó jọ sójú omi bí àwọn akọ wọn ṣe máa ń ṣe nígbà tí ara bá tù wọ́n. Òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń bẹ láàyè.

Kò-jò ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án kan, ó bá àpótí méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, omi àti ẹja ń bẹ nínú ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń fi èékánná họ igun ti àtijọ́.

“Kí lo yí padà, Ọ̀rẹ́?”

Ó lè parọ́. Ẹni tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, irọ́ ò yẹ kó ṣòro fún un mọ́. “Gọ́ọ̀mù ni,” ó ní. “Oògùn wà nínú ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo pa wọ́n.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé.”

Obìnrin náà gbé àpótí ẹja padà sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi má baà dà, ó fi aṣọ nu ẹsẹ̀ tábìlì, ó wọ bàtà, ó sì lọ bá Bàbá Àgbà. Ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n dá ọmọ náà padà. Bàbá Àgbà ní ọmọ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá síwá sẹ́yìn. Ó ní ọmọ náà ti ń pe ẹni tó gbà á ní Màmá, àti pé ìyẹn fi dá àwọn lójú pé ó ti dẹ́kun ìbéèrè, ó ti ń gbọ́ràn.

Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà fi jáde, Kò-jò ò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ó lọ kó irinṣẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ gíláàsì fèrèsé yàrá wọn, ó ha gbogbo ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún kúrò ní etí rẹ̀, ó tún un lẹ̀, ó sì dí i. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, ohun tó ti ń sún síwájú láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó rí i pé abọ́ tí wọ́n fi ń gbe omi òjò kò sí nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mọ́. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ etí gíláàsì náà látòkè délẹ̀, ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ó bu oúnjẹ díẹ̀ fún ẹja, ó dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“O ṣé, Kò-jò,” ó ní. “Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò.”